Ìlú Tí Àbúrò Mi Fi Sálúbàtà Kà

Òórùn púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n ń yan lórí iná, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní àgbàlá ilé wa ní Òkìtìpupa láyé ìgbà yẹn. Èéfín rẹ̀ a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, a lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a sá, a lẹ̀ mọ́ irun orí, débi pé bí mo bá dé ilé ìwé, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ìlú míì wá a ti mọ̀ pé èmi ni kí wọ́n tó gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí o bá rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, òórùn mìíràn ni wàá bá níbẹ̀: òórùn ike tí iná mọ̀nàmọ́ná ti mú gbóná. O ti bi mí rí, ọ̀rẹ́ mi, pé kí ló dé tí n kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ra géèmù sínú ilé. O rò pé ìkanra lásán ni. Òórùn yẹn ni. Bí ó bá ti kàn mí nímú báyìí, inú mi a bàjẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú.

Ilé bàbá mi gùn, yàrá kọjú sí yàrá. Àwa ẹbí wà lápá òsì, àwọn ayálégbé wà lápá ọ̀tún. Bàbá kì í sábà sí nílé, oko ọ̀pẹ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Tíṣà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gírámà. Kò tí ì gbéyàwó, púpurú tí Màmá sì máa ń bù fún un, bí ẹni ń gbé oògùn mì ló ṣe ń jẹ ẹ́, ọmọlúàbí ni kò jẹ́ kó lè sọ pé òun kò fẹ́. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère nínú gbogbo ilé. Tiwa, dúdú àti funfun, ti kú láti ìgbà tí iná kan tó pọ̀ jù ti jó o nínú.

Àbúrò mi ọkùnrin kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, a káwọ́ kásẹ̀ jọ lórí bẹ́ẹ̀dì, a fi eyín di etí aṣọ ìbora mú kí Màmá má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Èyí ló máa ń dùn mí jù lọ, pé ọmọ kékeré ń pa ìrora mọ́ra nítorí tiwa. Màmá ti gbé e dé gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé. Ilé ìwòsàn lónìí, ilé àdúrà lọ́la, a tún padà sí ilé ìwòsàn. Èmi ti jáde ilé ìwé gírámà nígbà náà, mò ń retí èsì ìdánwò, kò sí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ mi, nítorí náà èmi ni mo ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìgboògùn, nọ́ọ̀sì kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, “Irú wọn kì í pẹ́.” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àbúrò mi náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìgbà tí a dé ìdajì ọ̀nà ló fà mí láṣọ.

“Àǹtí, pẹ́ wo ni wọ́n ń wí?”

 Mo ní kó rọra máa gbẹ́sẹ̀, oòrùn ti ń mú.

Ọkọ àǹtí wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Wàrí ló gbé géèmù náà wá. Ó bá a lórí àìsàn, àánú rẹ̀ ṣe é, nígbà tó tún ń bọ̀ ó gbé e wá nínú páálí: ẹ̀rọ ike pélébé kan tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn, pádì méjì tí ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti káséètì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni a gbé e lọ, ọ̀dọ̀ Tíṣà náà ló sì wà títí. Tíṣà fẹ́ràn ọmọ náà. Kápíténì ló ń pè é. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí Tíṣà sì rí epo rà, a tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ nítorí tirẹ̀, lásìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí àwọn ọkọ̀ ń sun ìlà ilé epo mọ́jú.

Nínú géèmù yẹn, ìlú kan ni omi ya wọ̀. Àwọn ènìyàn tíntín tí wọn kò tó orí èékánná dúró sórí òrùlé, wọ́n ń juwọ́. Ìwọ ni o ń wa hẹlikópítà kan. Wàá bà sórí òrùlé, ènìyàn mẹ́rin a wọlé, wàá gbé wọn lọ sórí òkè kan lápá ọ̀tún, wàá tún padà wá kó àwọn míì tó ti inú ilé jáde sórí òrùlé. Bí o bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí nìyẹn, láti orí òdo ni wàá ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn ni iye àwọn tí o ti kó yọ máa ń wà, ó ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí wọ́n kọ iye àwọn tó ń gbé ìlú náà sí. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí, èdè àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́, àwòrán hẹlikópítà nìkan ni a rí fòye gbé nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé tó kù ń ta géèmù náà láti fi ṣeré. Àbúrò mi kò ṣe é bí eré. Bí ó bá já lulẹ̀, ojú rẹ̀ a pọ́n, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé ènìyàn mélòó ló ń gbé ìlú náà. Ó bi Bàbá nígbà tó wálé, Bàbá ní ìlú wo? Mo ń fi epo pa á lẹ́sẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kí a tó jẹun, ni mo bi í pé kí ló fẹ́ fi iye wọn ṣe.

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn. “Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Bí mo bá kó gbogbo wọn tán láìku ẹnì kan, mi ò ní í kú. Má sọ fún Màmá.”

Ọwọ́ mi dúró lórí eékún rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé Ọlọ́run kì í bá ènìyàn ta géèmù. Ṣùgbọ́n wòlíì ti ní kí a gbààwẹ̀, a gbà á. Dókítà ti ní kí a ra oògùn, a rà á. Ìrora kò dẹ̀yìn. Ta ni èmi tí màá sọ pé tirẹ̀ ni kò mọ́gbọ́n dání? Mo ní mi ò ní í sọ.

Tíṣà kò mọ nǹkan kan nípa májẹ̀mú yìí, ìṣirò ló rí níbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní ohun tí a kò bá lè kà tán, a lè fojú bu iye rẹ̀ kó sì súnmọ́ òótọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n fi hẹlikópítà fò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin rẹ̀ láì gbé ẹnikẹ́ni, ilé ni wọ́n ń kà. Ogójì ilé ni. Tíṣà fọwọ́ lérán.

“Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ló wà nílé kọ̀ọ̀kan. Igba ènìyàn nìyẹn, Kápíténì.”

Àbúrò mi wò ó bí ẹni tí kò ní ará rí. “Ọ̀gá, màmá àgbà ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó wá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́?”

“Ìlú òyìnbó mà nìyẹn.”

“Ṣé òyìnbó ò lẹ́bìí ni?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gba igba, tí àwọn ènìyàn sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹnì kan máa kù sínú omi, ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sì bàjẹ́. Nítorí náà ó ní ilé wa ni a ó fi wọn ogójì ilé náà. Iye tó bá wà nílé wa ni kí á gbà pé ó wà nílé kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni Màmá ti dá sí i. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ẹbí pé jọ sí pálọ̀ fún àdúrà, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Màmá gbá ìka náà wálẹ̀. O mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ti Màmá le ju ti àwọn ìyá yòókù lọ. Kódà nílé ìwòsàn, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, “Ọlọ́run ṣe é, wọ́n wà” ni yóò máa sọ títí yóò fi sú ẹni tó ń béèrè.

“Kí lo ń kà níbẹ̀ yẹn, ọma mi?” ló bi í. “Fi ghan sílẹ̀ bí ghan ṣe wà.”

Ó fi wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́ a máa ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ti gbé òfin náà wálé, ó ní ibi tí a bá ti ń pe orúkọ Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí à ń wọ bàtà tẹ̀. Gbogbo wa la máa ń bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi jókòó sórí àga tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, nígbà tí gbogbo ojú di fún àdúrà, tirẹ̀ là, ó ń wo ilẹ̀. Sálúbàtà ló ń kà. Màmá kò lè sọ pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn ka bàtà. Bàtà mẹ́wàá ló bá níbẹ̀, nítorí náà ènìyàn mẹ́wàá ló gbà pé ó wà nílé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ mẹ́wàá dọ̀nà ogójì, irínwó ènìyàn ni. Ó sáré lọ sọ fún Tíṣà, ìyẹn ni pé ó ń tiro lọ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Tíṣà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun gbà, irínwó ni.

Láti ìgbà náà, irínwó di ohun tí mò ń gbà ládùúrà. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Mo ti ka ìwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé gírámà, mo mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí hẹlikópítà yẹn ń dún ní yàrá Tíṣà, mo máa ń dá iṣẹ́ tí mò ń ṣe dúró títí n ó fi gbọ́ pé kò já lulẹ̀. Nígbà míì ó máa kó ọgọ́rùn-ún, ó máa já lulẹ̀. Nígbà míì ó máa ku díẹ̀ kó pé ọ̀ọ́dúnrún, wọn a mú iná lọ, gbogbo ènìyàn tó ti kó yọ a pa rẹ́ mọ́ ojú tẹlifíṣàn. Òun a kàn jókòó sínú òkùnkùn yàrá náà pẹ̀lú pádì lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ti wú bíi tàgbàlagbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣe é. Òjò ti ń ṣú láti apá Ìjù-Odò, atẹ́gùn tútù ń wọlé, iná sì wà, kò ṣẹ́jú. Nígbà tó kọjá ọ̀ọ́dúnrún, mo fi àgbàdo tí mò ń bó sílẹ̀, mo wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Tíṣà ti ti ilé ìwé dé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Màmá pàápàá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé eré lásán ni, inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ òun ń gbádùn. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lórí òrùlé wọ̀nyẹn. Ó gbé àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn sórí òkè. Irínwó pé. Tíṣà pàtẹ́wọ́, Màmá bá a pàtẹ́wọ́.

 Àbúrò mi yí hẹlikópítà padà sí ìlú.

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Lórí òrùlé kìíní, lórí ìkejì, títí dé òpin ìlú, àwọn ènìyàn tíntín dúró, wọ́n ń juwọ́ bí ìgbà tí a kò gbé ẹnikẹ́ni rí. Ó fò lọ dé òpin, ó fò padà. 

Tíṣà wúkọ́. “A kàn fojú bù ú ni, Kápíténì. Ó lè fi díẹ̀ yẹ̀.”

“Àwọn wo la ò kà?” ni àbúrò mi béèrè. Ó tún ní, “Bóyá àlejò ni.”

Ó rọra gbé pádì náà sílẹ̀. Hẹlikópítà dúró lójú òfurufú díẹ̀, ó wá já sínú omi fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé yàrá wa, mo ní géèmù lásán ni, ẹ̀rọ ni, kò mọ nǹkan kan. Ó ní, “Mo mọ̀, Àǹtí.” Ó kọjú sí ògiri. N kò tíì rí ibi tí ìrètí ti kú lójú ènìyàn rí kí n tó rí i lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ tún rí i mọ́.

Kò fọwọ́ kan géèmù náà mọ́. Kò sì pẹ́ tí ìrora náà fi dé, irú èyí tí eyín lórí aṣọ kò lè pa mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn. Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pe oríkì rẹ̀ láìdákẹ́, títí tí nọ́ọ̀sì fi wá tú ọwọ́ rẹ̀. Òjò náà kò tíì dá nígbà tó lọ.

Òkú ọmọdé, òfò ni. A kì í se nǹkan, a kì í pe ènìyàn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló gbé e lọ, Bàbá àti Màmá kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ojú òbí kì í ríbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà ti kó aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ kúrò nílé kí ojú Màmá má baà máa rí i. Àwọn ìyá ìjọ wá jókòó tì í lórí ẹní, wọ́n ní kó máa wo àwọn tó kù. Màmá kò bi wọ́n pé mélòó ló kù. Kò kà wá nígbà tí a pé, kò kà wá nígbà tí a kò pé mọ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìbẹ̀rù ikú ni kì í jẹ́ ká ka ọmọ. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni, kí ìyá má baà ní iye kan tí yóò máa yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi kà. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ojú di, ojú tèmi ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ka sálúbàtà bí òun ṣe kà á. Mẹ́wàá ni. Mo tún un kà, mo rò pé omi ojú ló ń dà mí láàmú. Mẹ́wàá náà ni. Ẹnì kan ti jáde kúrò nínú ilé wa láé, iye bàtà kò sì yí padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ń gbálẹ̀ yàrá, ni ìgbálẹ̀ mi kọ́ nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ ni, rọ́bà aláwọ̀ búlúù. Àwọn àgbà kò rí i nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Eruku ti bò ó, aláǹtakùn ti ta sí okùn rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí kò ti wọ̀ ọ́. Láti bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀, láti pálọ̀ sí ọ̀dọ̀ Tíṣà, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń ka ilé wa, bàtà tirẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ka gbogbo wa, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá fi ilé tí òun kò sí nínú rẹ̀ wọn ogójì ilé, ilé kọ̀ọ̀kan sì pàdánù ẹnì kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ àwọn tó ń juwọ́ lórí òrùlé nígbà náà. Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi wá bá mi níbẹ̀, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbà á, ó sì jókòó tì mí. 

Nígbà tí ìjọba gbé Tíṣà lọ sí ìlú mìíràn, ó pè mí sápá kan lọ́jọ́ tó ń dẹrù. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé géèmù náà kò lópin, pé bí a bá kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tàbí ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ náà yóò máa mú òmíràn jáde ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ọmọ tó ń ṣàìsàn, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kò lópin?” N kò lè bínú sí i. N kò sì sọ ohun tí ọmọ náà fi iye yẹn dúró dè fún un. Ẹrù tirẹ̀ ti pọ̀ tó lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, mo mọ̀ pé kò sí ìṣirò kan tí ìbá gbà á. Bó bá ka bàtà tirẹ̀ mọ́ ọn, àwọn kan yóò ṣì wà lórí òrùlé. Kò tù mí nínú. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, à ń wọ ilé dé ilé láti fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára, láti Òkìtìpupa dé Ìlútítun, wọ́n sì ní kí a fojú bu iye ènìyàn tó wà nílé kọ̀ọ̀kan kí a tó gbéra. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, bàtà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà n ó béèrè pé ta ló wà nínú yàrá. Àwọn kan rò pé ojú mi ló là jù. Nígbà míì, ẹnì kan wà níbẹ̀ ní tòótọ́, tí kò ti jáde láti ọjọ́ pípẹ́, wọn a ní, “Kò sí o, aláìsàn kan ló wà níbẹ̀.” Nínú ilé tiwa, kò sí ẹni tó béèrè. Ọmọ tó ń kà á gan-an kò ka ara rẹ̀ mọ́ wa.